Tẹ́ẹ bá fẹ́ padà sí Saint-Louis kẹ́ẹ tó fi Sẹ̀nẹ̀gàl sílẹ̀

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dé Saint-Louis, ìlú kan ní àríwá Sẹ̀nẹ̀gàl, àárọ̀ ni mo dé, mo ya fóòtò bíi ọgọ́rùn-ún, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ mo ti wà nínú mọ́tò padà sí Dakar, ká sòótọ́ mi ò rí ìlú yẹn rárá. Ìgbà kejì, mo ti rìn káàkiri Sẹ̀nẹ̀gàl fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti rẹ̀ mí, kò sí ibì kankan tí mo tún fẹ́ sáré lọ, ìgbà yẹn ló tó wọ̀ mí lára. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ẹ fi ṣe ìgbẹ̀yìn, kẹ́ẹ dẹ̀ sun oorun mẹ́ta níbẹ̀ ó kéré tán.

Láti Dakar, ẹ lọ sí gàréèjì Baux Maraîchers ní Pikine, ẹ wọ mọ́tò tí wọ́n ń pè ní sept-place, èrò méje ló ń kó, kò ní gbéra àfi tó bá kún, torí náà ẹ tètè jí. Wọ́n máa gba owó ẹrù lọ́tọ̀, ẹ ná an. Ó tó 260 kìlómítà. Àwa ọmọ Nàìjíríà ò nílò físà, àmọ́ ẹ mú yẹ́lò káàdì dání.

Tẹ́ẹ bá ti já ẹrù sílẹ̀, ẹ padà fi ẹsẹ̀ rìn lórí bíríìjì Faidherbe tó gba orí odò dé erékùṣù tí ìlú àtijọ́ wà, irin ni gbogbo ẹ̀, 1897 ni wọ́n ṣí i, ó lé díẹ̀ ní 500 mítà. Erékùṣù yẹn gan-an ò gùn ju kìlómítà méjì àti díẹ̀ lọ, ẹ ò nílò takisí. 1659 làwọn Faransé tẹ̀ ẹ́ dó, láti 1895 títí di 1902 ibẹ̀ ni wọ́n ti ń darí gbogbo ìlú tí wọ́n gbà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, kí Dakar tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ́fíìsì kó lọ, ilé ò lè kó lọ, torí náà ẹ máa rí àwọn ilé alájà tó ní bákónì onígi àti àgbàlá nínú, ọ̀dà ti ń ṣí lára wọn. Tẹ́ẹ bá mọ Pópó Àgùdà l'Ékòó ojú yín á mọ̀ ọ́n. Ndar làwọn onílé ń pè é, ẹ pè é bẹ́ẹ̀ kẹ́ẹ wo bí inú wọn ṣe máa dùn.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Thiéboudienne! Ìlú yìí gan-an ni wọ́n sọ pé ìyá kan tó ń jẹ́ Penda Mbaye ti kọ́kọ́ sè é, ìrẹsì, ẹja àti ewébẹ̀ ni, àwa tí à ń pariwo jọ̀lọ́ọ̀fù, orúkọ ìjọba àwọn Wolof, ẹ̀yà kan ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ni orúkọ yẹn ti wá. Ọ̀sán ni wọ́n ń jẹ ẹ́, ẹ má dúró dalẹ́. Tí wọ́n bá ní kẹ́ẹ wá bá àwọn jẹun, iwájú yín nìkan ni kẹ́ẹ ti bù, ọwọ́ ọ̀tún.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: tẹ́ẹ bá ti lọ rí, ẹ gbé fóòtò àtijọ́ yín dání. Ẹ kọjá sí Guet Ndar lápá òkun, ọ̀dọ̀ àwọn apẹja, ẹ kí wọn kẹ́ẹ tó gbé fóònù sókè, wọn ò fẹ́ràn kéèyàn kàn máa yà wọ́n. Ní 2003 ìjọba gbẹ́ ihò tí ò ju mítà mẹ́rin lọ sínú iyanrìn tó wà láàárín odò àti òkun kí omi má baà bo ìlú, òkun bá fẹ̀ ẹ́ di ọ̀pọ̀ kìlómítà, látìgbà yẹn ló ti ń fa wàhálà. Òkun ti wó ilé ní Guet Ndar náà. Mo fi fóòtò ògiri aláwọ̀ búlúù kan han bàbá kan tó ń tún àwọ̀n ṣe, mo bi wọ́n pé ibo ló wà. Wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn nawọ́ sínú omi. Mo jókòó tì wọ́n, wọ́n bu tíì atáyà fún mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń bù ú, ẹ má dìde kí ìkẹta tó yí kàn yín.

Tó bá dọjọ́ ìpadàbọ̀, ẹ má wọ Dakar mọ́. Pápákọ̀ òfurufú wà ní Diass, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní Thiès tí ò jìnnà síbẹ̀, kẹ́ẹ sùn níbẹ̀ mọ́jú.