Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nídìí Ríra Ẹ̀rọ Ìgbálẹ̀: Ẹ Yé Sanwó Orúkọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tó kówó sílẹ̀. Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ ni mò ń ṣe ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń wo àwọn èèyàn wa, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú ọ́fíìsì, bí wọ́n ṣe ń fi owó tí wọ́n làágùn kí wọ́n tó rí ra ọ̀dà àti lẹ́tà ara páálí. Inú mi kì í dùn sí i rárá. Ẹ̀rọ tó wà nínú páálí olówó gọbọi àti èyí tó wà nínú páálí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn tó ṣe é mọ̀. Àwọn tó ń tà á mọ̀. Ẹni tó ń sanwó nìkan ni kò mọ̀. N ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀, ẹ ti mọ ìyẹn. Ibi tí owó ti ń jò lọ ni mo fẹ́ tọ́ka sí.

Àṣìṣe kìíní: ẹ ń ra àwọ̀

Henry, ẹ̀rọ pupa tó ní ojú, tó ń rẹ́rìn-ín, láti ọdún 1981 ló ti wà. Ilé-iṣẹ́ Numatic ló ń ṣe é ní ìlú Chard, ní Somerset. Hetty aláwọ̀ pínkì ni wọ́n ṣe bí àbúrò rẹ̀ obìnrin, James sì jẹ́ aláwọ̀ yẹ́lò. Ẹ tú Henry àti Hetty sílẹ̀ lórí tábìlì, ẹ ó rí ẹ́ńjìnnì kan náà, asẹ́ kan náà, àpò ìdọ̀tí kan náà. Bí pínkì bá wù yín, ẹ ra pínkì, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí pupa bá fi ogún pọ́n-ùn dín lọ́jọ́ náà, pupa ni kí ẹ gbé. George àti Charles yàtọ̀, torí àwọn lè fa omi, ìyẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀.

Àṣìṣe kejì: ẹ ń ka nọ́ńbà bí ẹni ń ka ọdún

Ọdún 1993 ni ilé-iṣẹ́ Dyson gbé ẹ̀rọ DC01 jáde. Nọ́ńbà DC yẹn ń gùn lọ títí ó fi dé DC59, ẹ̀rọ aláìlókùn tí ènìyàn ń gbé lọ́wọ́. Nígbà tó yá, wọ́n pa DC tì, wọ́n mú V wá, ẹ̀ka DC59 sì di V6. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé V7 dàgbà ju V8 lọ nítorí pé nọ́ńbà 7 ló ń ṣáájú 8. Rárá o. Ọdún 2016 ni V8 jáde, ọdún 2017 ni V7 tó wá, wọ́n sì gbé e sí abẹ́ V8 kí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó lè rí nǹkan rà. V9 kò sí láàárín àwọn ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ wọn. Ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ́ V9 wà nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun. Ipò tí wọ́n fẹ́ kí ọjà wà lórí àkàbà owó ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Kò sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún yín.

Miele ti Jámánì náà yí orúkọ padà. Èyí tí wọ́n ń pè ní S8 di Complete C3. Arákùnrin kan gbé S8 wá sọ́dọ̀ mi, ó ní kí n bá òun tà á fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ́ tú, torí wọ́n ti sọ fún un ní ìsọ̀ kan pé àpò rẹ̀ ti tán lọ́jà. Mo mú àpò GN tí wọ́n ń tà fún C3, mo tì í wọlé níṣojú rẹ̀, ó dún "kẹ́ẹ̀". Ẹ̀rọ tó lè bá a lo ọdún púpọ̀ sí i ló fẹ́ jù nù nítorí pé wọ́n pààrọ̀ orúkọ.

Àṣìṣe kẹta: ẹ̀rọ alájá nínú ilé tí kò sí ajá

Èyí ló ń bí mi nínú jù, n ò sì ní yára kúrò nídìí rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ilé-iṣẹ́ á ṣe ara ẹ̀rọ kan, wọn á fi orí kan, ìyẹn ẹnu tó ń kan ilẹ̀, sí i, wọn á dá iye lé e. Wọn á tún mú ara yẹn kan náà, wọn á fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan tàbí asẹ́ mìíràn kún un, wọn á ya àwòrán ajá sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí, owó á gòkè. Miele pe tiwọn ní Cat & Dog: ara C3 ni, wọ́n kàn fi búrọ́ọ̀ṣì tó ń yí kún un pẹ̀lú asẹ́ èédú tó ń gba òórùn mọ́ra. Ilé-iṣẹ́ Shark ní ẹ̀rọ NZ690UK, ó tún ní NZ690UKT. Lẹ́tà T tó wà nípẹ̀kun yẹn ni búrọ́ọ̀ṣì ẹranko tí wọ́n fi kún un. Dyson ní V8 Animal àti V8 Absolute: ẹ́ńjìnnì kan náà, bátìrì kan náà, orí tó wà nínú páálí ló yàtọ̀.

Kò sí irọ́ nínú ohun tí wọ́n kọ sára páálí o. Búrọ́ọ̀ṣì yẹn ń kó irun ajá lóòótọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn èèyàn wa gbà pé "Animal" túmọ̀ sí èyí tó lágbára jù, wọ́n á sì kọjá èyí tó bá ilé wọn mu, wọ́n á lọ gbé e. Màmá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọmọ rẹ̀ ra ẹ̀rọ alájá fún un. Ilẹ̀ pákó ni gbogbo ilé màmá yìí, kò sí kápẹ́ẹ̀tì, kò sí ẹranko. Mo lọ wò ó nítorí wọ́n ní ẹ̀rọ náà kò ṣiṣẹ́. Mo da gààrí díẹ̀ sílẹ̀ nínú kíṣíìnì, mo sì tẹ ẹ̀rọ náà sí i. Rólà onírun líle tó ń yí nínú orí rẹ̀ gbá gààrí náà kí ẹnu ẹ̀rọ tó fà á, ó fọ́n ọn ká dé abẹ́ fíríìjì. Kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹ̀rọ náà. Kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ṣe orí yẹn fún. Orí oníròlà múlọ́múlọ́ ni màmá nílò, èyí tó ń gbé ẹyọ nǹkan láì gbá a dànù, V8 Animal kò sì bá orí yẹn wá. Inú páálí Absolute ló wà. Ọmọ yẹn ìbá béèrè nípa ilẹ̀ ilé kó tó béèrè nípa agbára.

Ẹ̀yin onídìrí, tiyín tún wá yàtọ̀. Irun àtáṣímẹ́ǹtì burú fún rólà ju irun ajá lọ, torí ó gùn, ó sì le. Bí mo bá tú ẹ̀rọ tó ti ilé ìdirun wá, sáàsì ni mo fi ń gé irun kúrò lára rólà, ní ìdì-ìdì. Èyí tó bá ti wọ ibi tí rólà ti ń yí á gbóná, á yọ́, á lẹ̀ mọ́ rọ́bà, orí náà á kú. Ohun tó wúlò fún yín ni orí tí wọ́n ṣe kí irun má lè wé mọ́ ọn. Shark ń pe tiwọn ní Anti Hair Wrap, ó sì wà lára ẹ̀rọ tí kò ní T nípẹ̀kun. Nítorí náà, ẹ wá orí yẹn, kí ẹ fi ajá sílẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú páálí méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ wo nǹkan tó fi yàtọ̀. Ẹ wá iye tí wọ́n ń ta nǹkan yẹn lọ́tọ̀. Mo ti rí ibi tí ìyàtọ̀ owó páálí méjì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta owó búrọ́ọ̀ṣì tó wà láàárín wọn.

Ẹ yé fi ẹ̀rọ inú ilé ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. Àbúrò mi obìnrin kan, ọmọ àdúgbò wa nílé, gba iṣẹ́ ọ́fíìsì alájà mẹ́rin, ó sì ra ẹ̀rọ aláìlókùn tó rẹwà. Bátìrì kú nígbà tí wáráńtì ṣì wà. Wọ́n bi í lórí fóònù pé níbo ló ti ń lò ó, ó sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ìwé inú páálí ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé inú ilé nìkan ni kí wọ́n ti lò ó. Èyí tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ kì í dára lójú, kì í ní àwòrán, ìpolówó rẹ̀ kì í dé orí tẹlifíṣọ̀n. Òun ni kí ẹ rà, olókùn, alápò.

Nọ́ńbà ẹ̀rọ tó jẹ́ ti ìsọ̀ kan ṣoṣo náà tún wà: bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀ nínú nọ́ńbà, ìsọ̀ kejì kò ní gbà láti dín owó bá a dọ́gba. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é nìyẹn.

Wáàtì ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ẹ̀rọ wáàtì 2,400 kiri, iná tí ẹ̀rọ ń jẹ ni wáàtì, kì í ṣe ìdọ̀tí tó ń gbé. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin dè é ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014 pé kò gbọdọ̀ ju wáàtì 1,600 lọ, ó sì di 900 ní ọdún 2017. Henry tó ń jẹ 1,200 tẹ́lẹ̀ bọ́ sí 620, ó sì ń gbálẹ̀ síbẹ̀. Miele kọ PowerLine sára ẹ̀rọ wáàtì 890. Sítíkà lẹ́tà A, B, C tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn nígbà yẹn, inú àpò òfìfo ni wọ́n ti ń wọn agbára rẹ̀. Dyson gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì fagi lé òfin sítíkà náà ní ọdún 2018. Bí ẹ bá rí sítíkà yẹn lára ẹ̀rọ àlòkù, ẹ má fi ṣe ẹ̀rí.

Orúkọ àtijọ́ náà ń tan yín. Ẹ wo Hoover. James Murray Spangler, ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ ilé ìtajà ní Canton, ìpínlẹ̀ Ohio, ló ṣe ẹ̀rọ náà. William Henry Hoover ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní ọdún 1908. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ojú títì A40 kọjá ní Perivale mọ ilé funfun gbàgẹ̀rẹ̀ tó jẹ́ ilé-iṣẹ́ wọn láyé àtijọ́. Tesco ló wà lẹ́yìn rẹ̀ báyìí. Ní ọdún 1992, Hoover ní ẹni tó bá ra ọjà 100 pọ́n-ùn á gba tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú méjì lọ sí Amẹ́ríkà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn èèyàn ń ra ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ tí wọn kò nílò nítorí tíkẹ́ẹ̀tì, gbèsè náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 50 pọ́n-ùn. Ní ọdún 1995 wọ́n ta ẹ̀ka Yúróòpù fún Candy ti Ítálì. Haier ti Ṣáínà ra Candy ní ọdún 2019. Ẹ̀ka Amẹ́ríkà gba ọ̀nà tirẹ̀, ó bọ́ sọ́wọ́ TTI ti Hong Kong ní ọdún 2007, TTI yìí kan náà ló sì ni Vax tí ẹ ń rí ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rọ ìfọkápẹ́ẹ̀tì SmartWash tó ń jẹ́ Hoover ní Houston, Vax ló ń jẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Kí ni èyí kàn yín? Ẹ̀gbọ́n kan fi àpò àti bẹ́líìtì Hoover ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ láti Amẹ́ríkà, ó rò pé òun ń bá a dín owó kù. Kò sí ọ̀kankan tó wọlé. Ilé-iṣẹ́ méjì tí kò bára wọn tan ló ń lo orúkọ náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Bush, tó jẹ́ orúkọ rédíò láti ọdún 1932: orúkọ tí Argos ń lẹ̀ mọ́ ọjà tirẹ̀ ni báyìí. AEG, Electrolux ló ni ín. Philips ti ta ẹ̀ka ohun èlò ilé rẹ̀ ní ọdún 2021. Versuni ló ń lo orúkọ náà. N ò sọ pé wọn kò dára. Mo ní kí ẹ má sanwó ìrántí ẹ̀rọ tó wà nílé yín ní ọdún 1985.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ẹrù ránṣẹ́ sílé: ẹ̀rọ olókùn láti Amẹ́ríkà, iná fólítì 120 ló ń lò. Bí ẹ bá kì í bọ iná Nàìjíríà láìsí ẹ̀rọ tó ń dín iná kù, á jóná kí ẹ tó yọ ọwọ́ kúrò lára rẹ̀. Ti Gẹ̀ẹ́sì kò ní wàhálà iná, àmọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé ẹ̀rọ wáàtì 900. Ẹ má sì fi aláìlápò ránṣẹ́ bí ẹ kò bá ní fi asẹ́ kún un, nítorí eruku ọyẹ́ kúnná, ó sì máa ń dí asẹ́ kíákíá.

Ó ku àwọn tó ń kanlẹ̀kùn. Ní Amẹ́ríkà, Kirby ni wọ́n máa ń gbé wá sílé. Ẹ̀rọ irin ni, ó le, ó ń pẹ́. N ò lè bú u. Ṣùgbọ́n Kirby tó ń jẹ́ Generation 3 ti ọdún 1990 àti Avalir tó jáde lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹ bá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ó rí i pé ìdílé kan náà ni wọ́n, àwọ̀ àti orúkọ ló yí padà jù. Ẹgbẹ̀rún dọ́là àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni tuntun, owó èyí tí ẹlòmíì ti lò sì kéré sí i púpọ̀. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí ìwé nínú yàrá yín torí ojú ń tì yín láti lé àlejò jáde, òfin Amẹ́ríkà fún yín ní ọjọ́ iṣẹ́ 3 láti yí i padà, ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọjọ́ 14. Ẹ kọ lẹ́tà náà lónìí, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì tí ẹ fi ránṣẹ́.