Bí a ṣe ń gbé máàpù orí ìwé wọ inú ẹ̀rọ GPS alágbèéká ní agbègbè Abẹ́òkúta

Máàpù tí ó máa ń wà nínú ẹ̀rọ GPS alágbèéká nígbà tí a bá rà á kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìgbèríko Abẹ́òkúta. Ọ̀nà ńlá tí ó lọ sí Ìbàdàn tàbí Ṣàgámù lè hàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn odò kéékèèké, àwọn abà àti ọ̀nà oko tí ó wà ní apá Ọdẹ́dá kì í sábà sí níbẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí, pẹ̀lú àwọn ìlà tí ń fi gíga ilẹ̀ hàn, ni ó wà lórí máàpù olósùwọ̀n 1:50,000 tí ìjọba àpapọ̀ tẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ awọnlẹ̀ àti olùkọ́ jọ́gíráfì ṣì ká pamọ́. A lè gbé máàpù bẹ́ẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ GPS, kí ó sì máa fi ibi tí a dúró sí hàn wá lórí rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò le, ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú rẹ̀ tí kò fẹ́ ìkánjú rárá, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí a pẹ́ sí jù.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú ẹ̀rọ tí ẹ ní. Garmin ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn bí Oregon, Montana, GPSMAP 64 àti eTrex 30 ń gba máàpù tí a fọwọ́ ara wa ṣe, bí ó bá ti jẹ́ fáìlì KMZ. eTrex 10 kò gbà á. Fáìlì KMZ kì í ṣe ohun àràmàǹdà: àwòrán JPEG ni, tí a dì pọ̀ mọ́ àkọsílẹ̀ tí ó sọ ibi tí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwòrán náà bọ́ sí lórí ilẹ̀. Bí máàpù kì í bá ṣe tiyín, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín kí ẹ tó ṣe àdàkọ rẹ̀.

Ìwé olósùwọ̀n 1:50,000 kan fẹ̀ tó 55 sẹ̀ǹtímítà, nítorí náà kò lè wọ scanner orí tábìlì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé tí ó ní èyí tí wọ́n fi ń ṣe àdàkọ plan ilé, kí ẹ sì ní kí wọ́n ṣe é ní 300 dpi (ojú kéékèèké 300, tí a ń pè ní píksẹ́lì, nínú íǹṣì kan), èyí tí yóò mú kí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan dúró fún nǹkan bí mítà 4 lórí ilẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gé etí ìwé náà kúrò, nítorí pé etí yẹn ni a kọ ohun tí a nílò jù sí. Àwòrán tí a fi fóònù yà máa ń tẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, n kò sì gbà yín níyànjú láti lò ó bí scanner bá wà.

Ibi tí mo ní kí a pẹ́ sí nìyí. Àwọn máàpù wọ̀nyí kò lo ìpìlẹ̀ ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú GPS. Datum tí a ń pè ní Minna ni tiwọn, èyí tí ó ti ojú àmì ìwọnlẹ̀ kan ní ìlú Minna bẹ̀rẹ̀, tí ó sì gba ìrísí ayé bí Clarke, awọnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ṣe ṣírò rẹ̀ ní 1880. Datum mìíràn, WGS 84, ni GPS ń lò. Ní Abẹ́òkúta níhìn-ín, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì tó nǹkan bí 100 mítà. Mìlímítà 2 péré ni èyí lórí ìwé, ojú sì lè fò ó, ṣùgbọ́n nínú oko, 100 mítà tó láti mú yín rékọjá ààlà sínú ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ẹ̀rọ náà kò ní kìlọ̀ fún yín, nítorí pé ohun tí a bá sọ fún un ni yóò gbà gbọ́. Nítorí náà, ẹ ka etí ìwé dáadáa kí ẹ mọ irú grid, ìyẹn àwọn ìlà onínọ́ńbà tí ó dábùú ara wọn, tí ó wà lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ UTM Zone 31, nọ́ńbà tí ẹ ó fún kọ̀ǹpútà kí ó lè mọ datum àti grid náà ni EPSG:26331. Bí ó bá jẹ́ grid ti Nigeria West Belt, EPSG:26391 ni.

Ẹ ṣí QGIS, ètò máàpù orí kọ̀ǹpútà tí a ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ gbé àwòrán náà sínú Georeferencer, apá rẹ̀ tí ń so àwòrán mọ́ ipò rẹ̀ lórí ilẹ̀, kí ẹ sì yan nọ́ńbà tí mo dárúkọ yẹn. Ẹ tẹ ibi tí ìlà grid méjì ti kọjá ara wọn, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sí i, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ibi 9 tàbí 12 tí ó fọ́n ká gbogbo ojú ìwé, láti igun dé igun. Nínú àwọn ọ̀nà tí ètò náà fi ń na àwòrán bá àwọn ojú àmì wọ̀nyí mu, Polynomial 1 tó fún ìwé tí kò hun. Èyí tí ó ti ká jọ tàbí tí òjò ti pa nílò Thin Plate Spline. Bí ẹ bá ń lo Polynomial 1, ẹ wo òpó tí a kọ residual sí, ìyẹn ìwọ̀n àṣìṣe tí ó kù ní ojú àmì kọ̀ọ̀kan: ojú àmì tí ó bá ju píksẹ́lì 3 lọ, ẹ padà yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ó bá jẹ́ àdàkọ tí kò ní grid ni ó wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi ojú ilẹ̀ ṣe àmì: oríta tí kò tíì yí padà, tàbí orí afárá rélùwéè Láfẹ́nwá. Ẹ má ṣe lo bèbè Odò Ògùn, torí ó ń yí pẹ̀lú ìgbà. Olúmọ pàápàá tóbi jù láti jẹ́ ojú àmì kan. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fi GPS gba iye àwọn ibi wọ̀nyí, WGS 84 ni iye náà, EPSG:4326 ni ẹ ó sì yàn, láìfi Minna kún un.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi Warp, irinṣẹ́ QGIS tí ń yí datum àti grid padà, yí GeoTIFF tí ó jáde (àwòrán tí a ti so mọ́ ipò rẹ̀) sí EPSG:4326. Bí QGIS bá bi yín ní ọ̀nà ìyípadà tí ẹ fẹ́, ti Nàìjíríà ni kí ẹ yàn, torí Cameroon náà ń lo Minna.

Ó kù kí a gé e. Garmin ń fẹ́ kí ègé àwòrán kọ̀ọ̀kan má ju píksẹ́lì 1024 ní ìbú àti ní òòró lọ, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò sì gba ju ègé 100 lọ. Odindi ìwé kan ní 300 dpi yóò jẹ́ nǹkan bí ègé 49, nítorí náà ìwé méjì lè wọ̀ ọ́. Plugin GarminCustomMap tí ó wà fún QGIS ń ṣe ìgé yìí, ó sì ń dì í sí KMZ. Ẹ fi draw order sí 50 kí máàpù yín lè borí ti inú ẹ̀rọ, kí ẹ gbé fáìlì náà sínú fóldà Garmin/CustomMaps, kí ẹ sì tan Custom Maps nínú ètò máàpù. JPEG onípele, tí wọ́n ń pè ní progressive, kò ní ṣí.

Ẹ gbé ẹ̀rọ náà lọ sí oríta tí ó hàn kedere lórí máàpù, ní ibi mẹ́ta tí ó jìnnà síra wọn. Bí àmì yín bá ń bọ́ sí àríwá ìwọ̀-oòrùn ibi tí ẹ dúró sí ní nǹkan bí 100 mítà, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo, ẹ kò tíì kúrò lórí Minna. Ẹ padà sí Warp. Bí àṣìṣe náà bá yàtọ̀ láti ibì kan sí ìkejì, ojú àmì kan ni a tẹ̀ sí ibi tí kò tọ́.

Ẹ tún máa wo ọdún tí a tẹ máàpù náà. Èyí tí a ti tẹ̀ ṣáájú 1983 kò ní adágún Ìsédò Ọ̀yán (Oyan Dam) nínú, ọ̀nà tí ó bá sì kọjá ibẹ̀ lórí ìwé ti wọ omi.