Bí ẹ ṣe lè rí ẹranko dáadáa ní Serengeti àti Ngorongoro

Ìkánjú ló ń ba ìrìnàjò yìí jẹ́ jù. Ènìyàn á kó igbó mẹ́rin sínú ọjọ́ mẹ́rin, á wá lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ náà lórí ọ̀nà eléruku. Tí ọjọ́ mẹ́fà bá wà lọ́wọ́ yín, ibi mẹ́ta ti tó: Tarangire, Serengeti àti kòtò Ngorongoro, ihò ńlá tí òkè ayọnáyèéfín àtijọ́ fi sílẹ̀, tí ẹranko ń gbé inú rẹ̀. Àríwá Tanzania ni gbogbo wọn wà, Arusha sì ni a ti ń gbéra. Ẹ sun alẹ́ kan ní Tarangire, mẹ́ta ní Serengeti, kí ẹ fi alẹ́ tó kẹ́yìn sí etí kòtò Ngorongoro nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀. Ọjọ́ kejì, láti Tarangire dé àárín Serengeti, yóò gùn, ọ̀nà yóò sì gbo yín bí agbè. Ẹ má ṣe ètò mìíràn sí ọjọ́ yẹn ju kí ẹ yà ní Olduvai, níbi tí Mary Leakey, onímọ̀ nípa ẹ̀dá àtijọ́, ti rí agbárí ẹ̀dá àtijọ́ kan tó di olókìkí lọ́dún 1959.

Kí ẹ tó sanwó ibùsùn, ẹ kọ́kọ́ pinnu ohun tí ẹ fẹ́ rí, torí agbo wildebeest (ẹranko oníwo tó ń jẹ koríko, tó sì ń ṣí kiri) tó lé ní mílíọ̀nù kan kì í dúró sójú kan. Òjò àti koríko tútù ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Láti oṣù December sí March, gúúsù Serengeti ní agbègbè Ndutu ni wọ́n máa ń wà, oṣù February sì ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ń bímọ. Láti July sí September, ẹ wá wọn sí àríwá létí odò Mara, níbi tí ọ̀nì ti ń dè wọ́n. Ẹni tó bá gba ibùsùn sí Seronera, ní àárín Serengeti, ní oṣù August nítorí odò Mara yóò máa wakọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó débẹ̀. Ti Tarangire yàtọ̀: ẹ̀ẹ̀rùn, June sí October, ni erin ń rọ́ wá síbẹ̀, nítorí odò rẹ̀ ní omi nígbà tí àyíká ti gbẹ. Òjò ńlá ń rọ̀ ní April àti May. Ilẹ̀ dúdú ibẹ̀ á di ẹrẹ̀ tó ń gbé ọkọ̀ mì dé ìdajì táyà, àwọn ibùsùn kan á sì tilẹ̀kùn.

Lórí ọkọ̀, ìbéèrè méjì ṣe pàtàkì: ṣé olúkúlùkù ló ní fèrèsé tirẹ̀, ṣé òrùlé rẹ̀ sì ń ṣí sókè? Ènìyàn mẹ́rin nínú Land Cruiser rọrùn. Tí wọ́n bá di méje, ẹnìkan á máa wo ẹ̀yìn orí ẹlòmíràn. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n máa ń di oúnjẹ fún yín, kí ẹ má baà padà sí ibùsùn lọ́sàn-án.

Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ni wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ti orílẹ̀-èdè tí àrùn náà wà wọlé, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ẹ gbà á ó kéré tán ọjọ́ 10 ṣáájú, torí kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ kó tó pé iye ọjọ́ yẹn. Oògùn ibà ẹ̀fọn náà ń fẹ́ ìlò ṣáájú ìrìnàjò àti lẹ́yìn rẹ̀. Dókítà ni kó yan èyí tó bá ara yín mu. Ẹ fi báàgì tí kò le kó ẹrù, kó má sì ju kílò 15 lọ tí ẹ bá máa wọ bàlúù kékeré nínú igbó. Ẹ fi ọ̀rá ìrajà sílẹ̀ nílé, Tanzania ti fòfin dè é láti 2019. Aṣọ dúdú àti aṣọ búlúù ń pe eṣinṣin tsetse, oró rẹ̀ sì ń gba inú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọjá, torí náà aṣọ aláwọ̀ iyanrìn ló dára. Ẹ mú aṣọ òtútù dání: etí kòtò Ngorongoro ga ju mítà 2,200 lọ, òtútù òwúrọ̀ ibẹ̀ kì í ṣeré.

Ìgbà tí ẹ bá jáde ló ń pinnu ohun tí ẹ máa rí. Kìnnìún lè sùn tó wákàtí 20 lójúmọ́, ìgbà tí oòrùn kò tíì mú ló sì máa ń rìn, nítorí náà aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni kí ọkọ̀ ti ṣí. Ẹni tó jẹun tán kó tó jáde láago mẹ́jọ ti pàdánù ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ bí a ṣe ń wò. Ẹ má fojú wá ẹranko odindi. Ìrù, etí tàbí òjìji ni kí ẹ wá. Àmọ̀tẹ́kùn máa ń nà sórí ẹ̀ka igi létí odò Seronera, ìrù rẹ̀ tó rọ̀ ló sì máa ń tú u fó. Kìnnìún fẹ́ràn orí àpáta, cheetah (ẹranko bí àmọ̀tẹ́kùn tó ń sáré gan-an) ń gun ògán láti wo iwájú. Tí àgùnfọn mẹ́ta bá kọjú sí ibì kan náà láìjẹun, nǹkan wà níbẹ̀. Gúnnugún tó ń yípo lókè lè máa wá nǹkan ni, ṣùgbọ́n èyí tó ń já wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ti rí òkú ẹran.

Tí ẹ bá rí ẹranko, ẹ ní kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Gbígbọ̀n ọkọ̀ ló ń jẹ́ kí fọ́tò ṣe bàìbàì. Ẹ rọ ẹ̀wà tàbí ìrẹsì sínú àpò kékeré, ẹ tẹ́ ẹ sórí fèrèsé, kí ẹ gbé kámẹ́rà lé e. Ẹ má pààrọ̀ awò kámẹ́rà nínú ọkọ̀ tó ń lọ, eruku á wọnú rẹ̀. Bainókúlà (awò tí a fi ń wo ohun tó jìnnà) 8x42 tó: ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́jọ, awò iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ ní mìlímítà 42. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ ní, kò ṣeé pín. Kí ẹ sì dúró: ogún ìṣẹ́jú pẹ̀lú agbo erin kan sàn ju agbo márùn-ún tí ẹ fi ọkọ̀ sáré kọjá lọ. Tí erin bá na etí, tó gbórí sókè, tó kọjú sí yín, kí ọkọ̀ rọra fà sẹ́yìn. Bó ti wù kí ibẹ̀ pa rọ́rọ́ tó, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ àyàfi níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un.

Ìwé àṣẹ ìwọlé Serengeti ń ka wákàtí 24 láti ìgbà tí wọ́n bá lù ú ní òǹtẹ̀. Ẹni tó pẹ́ dé ẹnubodè Naabi Hill nígbà ìjáde lè san owó ọjọ́ mìíràn.

Ní Ngorongoro, owó ọkọ̀ tó ń sọ̀ sínú kòtò yàtọ̀ sí owó orí ènìyàn, ẹ rí i pé ó wà nínú iye tí wọ́n sọ fún yín. Kòtò náà jìn tó mítà 600. Ẹ jẹ́ àwọn àkọ́kọ́ tó máa sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ lọ tààrà sí pápá tó tẹ́jú nítosí igbó Lerai láti wá àgbáǹréré dúdú. Wọn kò pọ̀, òkèèrè lẹ sì máa ń rí wọn. Ẹ má wá àgùnfọn níbẹ̀, kò sí. Tí ẹ bá dé etí omi Ngoitokitok fún oúnjẹ ọ̀sán, inú ọkọ̀ ni kí ẹ ti jẹ ẹ́: àwòdì ibẹ̀ ń já ẹran gbà lọ́wọ́ ènìyàn, èékánná rẹ̀ sì ń fa ìka ya.