Rélùwéè Kékeré Lórí Pẹpẹ: Oríta Méjì, Wágọ́nù Mẹ́jọ

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń rà ni páálí tó ní ẹ́ńjìnnì kan, kọ́ọ̀ṣì méjì àti irin tó ṣe òbíríkítí. Wọ́n á tò ó sílẹ̀, ọkọ̀ á máa yí po, fàkàfíkì, fàkàfíkì. Kó tó yí po nígbà ogún, ó ti sú wọn. Kí oṣù tó parí, páálí ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ̀ náà kò jẹ̀bi. Òbíríkítí kò fún èèyàn níṣẹ́ ṣe ni. Ẹni tí rélùwéè kékeré bá dùn mọ́ fún ogún ọdún, ọkọ̀ rẹ̀ níṣẹ́ lọ́wọ́: ó ń gbé ẹrù wá, ó ń já wágọ́nù kan sílẹ̀, ó ń fa òmíràn jáde. Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni pé kó fi òbíríkítí sílẹ̀ ná, kó kọ́ pákó kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, tó ní oríta irin méjì àti ẹ̀ka mẹ́ta. Alan Wright, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé ètò yìí jáde, gẹ́gẹ́ bí eré tí ẹ ó ti máa to wágọ́nù bí nọ́ńbà tí ẹ bá mú ṣe jáde. Inglenook Sidings ló pè é. Orí pẹpẹ gbà á, kódà nínú ilé àyágbé oníyàrá kan.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun: ìwọ̀n

Ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń dàrú mọ́ra wọn: bí nǹkan ṣe kéré sí ojúlówó rẹ̀, àti bí irin méjèèjì ṣe jìnnà síra. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní OO ló kún ọjà: 1:76 (ojúlówó gùn ní ìlọ́po 76), lórí irin tó fẹ̀ ní mìlímítà 16.5. Ní Amẹ́ríkà àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, HO ni wọ́n ń lò: 1:87, lórí irin 16.5 kan náà. N kéré ju méjèèjì lọ, mìlímítà 9 ni irin tirẹ̀. Ó dára fún ẹni tí àyè há mọ́, ṣùgbọ́n bí eruku bá ti kan irin rẹ̀ díẹ̀, ọkọ̀ á dúró. Ẹni tó ń gbé ní London tàbí Manchester, OO ni kó mú, nítorí pé ó pọ̀ lórí àtẹ àlòkù. Ẹni tó wà ní Houston, HO ni.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe rélùwéè ilé tiwa ní oríire kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Ojú irin àtijọ́ ní Nàìjíríà fẹ̀ ní mìlímítà 1067. Ti Èkó sí Ìbàdàn tuntun, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, fẹ̀ ní 1435. Ẹ pín 1435 sí ọ̀nà 87, ẹ ó rí 16.5. Ẹ pín 1067 sí ọ̀nà 64, ẹ ó rí 16.7. Ìyẹn ni pé irin 16.5 kan náà tó ń gbé ọkọ̀ tuntun ní 1:87 lè gbé ọkọ̀ àtijọ́ bí ẹ bá kọ́ ara ọkọ̀ náà ní 1:64. Àwọn ará New Zealand, tí ojú irin wọn fẹ̀ bíi ti àtijọ́ tiwa, ti ń ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n ń ra ẹsẹ̀ ọkọ̀ HO, wọ́n ń fi ike pẹlẹbẹ kọ́ ara ọkọ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹ máa ṣe gbogbo ọ̀nà náà. Kìlómítà 157 ló wà láti Èkó dé Ìbàdàn; ní 1:87, ó ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó kìlómítà méjì. Igun kan ni kí ẹ mú: àgbàlá ẹrù kan ní Èbúté Mẹ́ta tó.

Ẹ lọ wo ìpàtẹ

Ọjọ́ kan níbi ìpàtẹ rélùwéè kékeré máa kọ́ yín ju oṣù kan níwájú fídíò lọ. Ìpàtẹ York, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa ń wáyé nígbà ọdún Àjíǹde. Ti Amherst Railway Society ní West Springfield, ìpínlẹ̀ Massachusetts, máa ń wáyé ní oṣù Kìíní. Yàtọ̀ sí àwọn ńlá wọ̀nyí, àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké máa ń pàtẹ nínú gbọ̀ngàn ìlú tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dùn jù, torí èrò kò pọ̀.

Ẹ mú tépù, ìwé àti owó kékeré lọ́wọ́. Ẹ wo iwájú, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sẹ́yìn, níbi tí àwọn tó ń wa ọkọ̀ dúró sí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ pákó: báwo ni wọ́n ṣe to wáyà, igi mélòó ló gbé e ró, báwo ni pákó méjì ṣe so pọ̀? Ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ béèrè ohun tí wọn ò ní ṣe mọ́ bí wọ́n bá tún un kọ́. Ìdáhùn ìbéèrè yẹn lówó lórí. Àárọ̀ ni èrò máa ń pọ̀ jù. Bí ọ̀sán bá ti ń rọ̀, àyè ọ̀rọ̀ á ṣí.

Níbi àtẹ àlòkù, ẹ má sanwó ẹ́ńjìnnì tí ẹ kò rí kó rìn. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí irin ìdánwò, kó rìn síwájú àti sẹ́yìn, kó sì rìn jẹ́jẹ́. Èyí tó kàn ń sáré nìkan, tí kò lè rọra rìn, kò wúlò fún iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe yìí. Ẹ yí i dojú dé: bí àárín rẹ̀ tí wọ́n fi irin dà bá ti wú tàbí tó sán wẹ́wẹ́, irin náà ti ń jẹra láti inú, kò sí àtúnṣe. Bí ó bá ń rùn bí ohun tó ń jó, ẹ dá a padà.

Pákó

Odidi pláíwúùdù jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà gé ẹsẹ̀ bàtà kan kúrò ní ìbú rẹ̀, yóò di mìlímítà 1220 sí 305. Kí ó nípọn tó mìlímítà 9. Ẹ má lo pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ayùn lẹ̀ pọ̀: ó wúwo, etí rẹ̀ ń ya, ó sì máa ń tẹ̀ láàárín. Férémù abẹ́ rẹ̀ ni igi 20 sí 45 mìlímítà: méjì tó gùn ní 1220, mẹ́rin tó dábùú ní 265. Igi mítà mẹ́rin tó gbogbo rẹ̀. Ẹ fi gúlúù funfun àwọn káfíńtà lẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi súkúrù dè é, ṣùgbọ́n ẹ má tíì de àwọn tó dábùú títí ẹ ó fi mọ ibi tí oríta máa bọ́ sí. Bí igi bá lọ wà lábẹ́ ọ̀pá tó ń yí oríta, kò sí ibi tí ẹ̀rọ tàbí wáyà máa gbà.

Ẹ kun fáníìṣì sí i lójú, lábẹ́ àti létí. Ẹni tó bá kun òkè nìkan, abẹ́ pákó á máa mu ọ̀rinrin, pákó á ká bí ewé. Ní Èkó nígbà òjò, oṣù kan ti tó fún un.

Irin, àti bí gígùn ṣe ń ṣiṣẹ́

Ibí yìí ni ọkàn ètò náà wà. Ẹ̀ka gígùn gbọ́dọ̀ gba wágọ́nù márùn-ún; ẹ̀ka kúkúrú méjèèjì, mẹ́ta-mẹ́ta; orí ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì ń fà sí gbọ́dọ̀ gba ẹ́ńjìnnì àti wágọ́nù mẹ́ta, kò gbọdọ̀ gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fi àyè wágọ́nù kan kún un, eré náà á rọ̀, kò ní lárinrin mọ́. Ẹ to wágọ́nù yín mọ́ra kí ẹ wọ̀n wọ́n. Nínú OO, wágọ́nù ẹrù kékeré kan máa ń gbà tó mìlímítà 85, ẹ́ńjìnnì kékeré a sì gbà tó 120.

Ẹ ra oríta Streamline oníkúkúrú méjì ti ilé-iṣẹ́ Peco, ọ̀kan tó yà sósì, ọ̀kan tó yà sọ́tùn-ún. Gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 185. Ẹ tún ra irin tó ṣeé tẹ̀ mẹ́ta tó gùn ní 914. Ẹ gé e báyìí: orí ọ̀nà 420, oríta àkọ́kọ́, láti ibẹ̀ ẹ̀ka gígùn 615 yà sósì, tààrà níwájú, oríta kejì, láti ara rẹ̀ ẹ̀ka méjì, 430 ọ̀kọ̀ọ̀kan. 420, 185, 185 àti 430 jẹ́ 1220 gẹ́lẹ́. Peco ní àwòrán oríta wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, bó ṣe tóbi gan-an. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ẹ tò ó sórí pákó, kí ẹ gbé wágọ́nù lé ìwé náà kí ẹ tó gé irin kankan. Ẹ gbé wágọ́nù méjì sórí ẹ̀ka méjì tó wà nítòsí ara wọn, ẹ tì wọ́n síhà oríta títí wọn yóò fi kan ara wọn. Ibẹ̀ ni ààlà, ẹ fi ọ̀dà tọ́ ọ. Wágọ́nù tó bá kọjá ààlà yẹn máa gbá èyí tó ń kọjá.

Bí ẹ bá gé irin, ẹ fi fáìlì bu ẹnu rẹ̀. Ìsopọ̀ mẹ́wàá, ìyẹn ohun kékeré tó ń so ẹnu irin méjì pọ̀, ni ètò yìí ń gbà. Bí oríta yín bá jẹ́ Electrofrog, èyí tí ibi tí irin méjì ti pàdé láàárín rẹ̀ ń gbé iná, mẹ́rin nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ike: irin inú méjèèjì tó jáde lára oríta kọ̀ọ̀kan. Irú tuntun, Unifrog, ti ní àlàfo tirẹ̀ nínú, kò nílò ti ike. Ẹ fi àlàfo tó nípọn bí káàdì ìkésíni sílẹ̀ láàárín irin sí irin, kí ooru má baà tì wọ́n gbun.

Iná

Ẹ̀rọ ìdarí DC tó ń mú fóòtì 12 jáde tó fún ẹ́ńjìnnì kan. DCC, tó ń darí ẹ́ńjìnnì púpọ̀ lórí irin kan náà, dára, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó máa ṣe fún yín lórí pákó yìí.

Ẹ jó wáyà pupa mọ́ irin ẹ̀yìn àti wáyà dúdú mọ́ irin iwájú lórí irin márùn-ún: orí ọ̀nà, oríta kejì níbi ẹnu rẹ̀, àti ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wáyà mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi wáyà kan ṣoṣo sí orí ọ̀nà, kí oríta fúnra rẹ̀ máa pín iná. Ó máa ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, títí eruku á fi wọ ẹnu irin tó ń yí, ẹ̀ka kan á kú. Ẹ fi sáńpépà ha ẹ̀gbẹ́ irin níta kó dán, ẹ kọ́kọ́ fi lẹ́ẹ̀dì kun wáyà, kí ẹ wá fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná kàn án fún ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bó bá pẹ́ jù, ike abẹ́ irin á yọ́.

Bí ẹ bá gbàgbé ìsopọ̀ oníke lára Electrofrog, iná á bára wọn, ohun tí oníṣẹ́ iná ń pè ní ṣọ́ọ̀tì, lẹ́yìn tí ẹ bá yí oríta. Tó bá ṣẹlẹ̀ lápá kan ṣoṣo oríta, ibẹ̀ ni kí ẹ wò.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó da òkúta sí i

Ẹ wa ọkọ̀ lórí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí ẹ máa ti wágọ́nù sẹ́yìn ju bí ẹ ṣe ń fà á síwájú lọ, torí títì ló ń tú àṣírí irin tí kò dára. Bí gbogbo wágọ́nù bá ń bọ́ lójú kan náà, irin ló ṣẹ̀: ẹ fi ìka kan ìsopọ̀ wò, lọ́pọ̀ ìgbà, irin kan ti gun orí ìsopọ̀ dípò kó wọ inú rẹ̀. Bí wágọ́nù kan ṣoṣo bá ń bọ́ níbi gbogbo, àgbá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló ṣẹ̀: ẹ wọn àlàfo inú láàárín àgbá méjèèjì, kó wà nítòsí mìlímítà 14.5; tó bá fún jù, ẹ rọra yí i síta. Bí ọkọ̀ bá ń ta gìrìgìrì, ẹ fi aṣọ àti ọtí isopropyl nu irin. Sáńpépà kò gbọ́dọ̀ kan orí irin; ojú ọgbẹ́ tó bá dá sí i ni ẹ̀gbin á máa kó sí.

Lẹ́yìn èyí, òkúta wẹ́wẹ́, irú èyí tó máa ń wà lábẹ́ ojú irin gidi. Ẹ dà á ní gbígbẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tò ó, ẹ fọ́n omi tó ní ọṣẹ ìfọwo díẹ̀ sí i, kí ẹ wá fi ohun ìkán-ògùn kán gúlúù funfun tí ẹ fi omi là ní ìdajì-ìdajì. Ọṣẹ yẹn ló ń jẹ́ kí gúlúù wọlé. Láìsí i, gúlúù á ká bí ìrì sórí òkúta, á sì gbé e kúrò. Ẹ má kán an sí ibi tí oríta ti ń yí. Ẹ fi epo ìpara díẹ̀ síbẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa yí oríta ní wákàtí-wákàtí títí yóò fi gbẹ.

Eré náà

Ẹ fi wágọ́nù márùn-ún sí ẹ̀ka gígùn, mẹ́ta sí ẹ̀ka kúkúrú kan, kí ìkẹta ṣófo. Ẹ kọ nọ́ńbà 1 dé 8 sórí ìwé wẹ́wẹ́, ẹ ká a, ẹ mú márùn-ún. Bí wọ́n ṣe jáde ni wágọ́nù gbọ́dọ̀ tò sórí ẹ̀ka gígùn, láìfọwọ́ gbé èyíkéyìí. Ọ̀nà 6720 ni márùn-ún lè gbà tò nínú mẹ́jọ.

Ìkọ́ tó so wágọ́nù pọ̀ ṣe pàtàkì níbí. Ìkọ́ Kadee la fẹ́ràn jù: ẹ dúró, ẹ ti igi ṣúyà bọ àárín ìkọ́ méjì látòkè, ẹ yí i díẹ̀, wọ́n á tú. Ẹ yí wágọ́nù gbogbo padà sí Kadee lẹ́ẹ̀kan náà, torí kò lè mú ìkọ́ tí ilé-iṣẹ́ fi sára wágọ́nù OO. Kí gbogbo ìkọ́ ga dọ́gba. Èyí tó bá rẹlẹ̀ díẹ̀ máa yọ nígbà tí ẹ bá ń fà, wágọ́nù mẹ́ta á ṣẹ́kù lẹ́yìn lórí oríta.