Kí Ẹ Tó Ra Ẹ́ńjìnnì Tàbí Jíà Mìíràn fún Jíìpù Yín: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé

Irú jíìpù tó pọ̀ jù ní ìgboro àti lọ́nà oko nílẹ̀ Yorùbá kò ju mélòó kan lọ: Toyota RAV4, Highlander àti 4Runner, Lexus RX, Honda CR-V àti Pilot, Nissan Pathfinder. Tòkunbọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ọjọ́ orí wọn sì ti lọ. Àìsàn wọn kò pamọ́; ohun tó ń ṣe ti Adó-Èkìtì náà ló ń ṣe ti Abẹ́òkúta. Ohun tó ń dunni ni pé nínú àwọn ẹ́ńjìnnì àti jíà tí wọ́n ń tú sọ̀kalẹ̀, tí wọ́n ń lọ ra òmíràn ní Ládípọ̀, ooru àjù tàbí ọ́ìlì tí kò péye ló pa ọ̀pọ̀ wọn. Bí a kò bá wá ohun tó pa ti àkọ́kọ́, ohun náà ni yóò pa èkejì.

Bí géèjì ooru bá gòkè

Ẹ pa AC lójú ẹsẹ̀, ẹ yà sẹ́bàá ọ̀nà, kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má sọ pé ilé kò jìnnà mọ́. Álúmíníọ́mù ni orí ẹ́ńjìnnì àwọn jíìpù wọ̀nyí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú ooru àjù tó láti tẹ̀ ẹ́, tó bá sì ti tẹ̀, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì (ìdí pẹlẹbẹ tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti búlọ́ọ̀kù) kò ní lè dí i dáadáa mọ́.

Ẹ má ṣí ọmọrí rédíétọ̀ nígbà yẹn. Omi inú rẹ̀ lè ju 100°C lọ kó má tíì hó, nítorí pé ọmọrí náà ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i, yóò tú jáde, yóò sì bó yín lójú àti láyà. Ẹ dúró ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, títí hóòsì òkè yóò fi rọ̀ nígbà tí ẹ bá fún un. Aṣọ tó nípọn ni kí ẹ fi ṣí i, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má da omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì tó ṣì ń jó, ó lè sán.

Nígbà tí ohun gbogbo bá tutù, ẹ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò láti orí ohun tí owó rẹ̀ kéré jù.

1. Ọmọrí rédíétọ̀. Bí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ bá ti sán tàbí tó ti le gan-an, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.
2. Fáànù. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tan AC. Fáànù gbọ́dọ̀ yí láìpẹ́. Bí kò bá yí, ẹ yẹ fíúsì àti rìléè wò kí ẹ tó gbà kí wọ́n ta mọ́tọ̀ fáànù tuntun fún yín.
3. Ojú rédíétọ̀. Jíìpù tó ń lọ oko máa ń kó èso koríko, ẹrẹ̀ àti kòkòrò sáàárín rédíétọ̀ àti kọ́ńdẹ́ńsà AC tó wà níwájú rẹ̀. Láti inú ni kí ẹ ti fi omi fọ̀ ọ́ síta, pẹ̀lú omi tí kò lágbára. Ẹ̀rọ ìfọmọ́tò tó ń ta omi kíkankíkan máa ń tẹ ewé rédíétọ̀ pọ̀, afẹ́fẹ́ kò sì ní rí ọ̀nà gbà mọ́.
4. Omi fúnra rẹ̀. Omi kànga àti omi bóhóòlù ní èròjà tó ń lẹ̀ mọ́ inú rédíétọ̀, ó sì ń mú irin dógùn-ún. Ìdajì kúláàǹtì àti ìdajì omi gaara tí wọ́n ń tà fún bátìrì ni kí ẹ lò (omi ni o, kì í ṣe ásíìdì). Bí kúláàǹtì tó wà nínú mọ́tò bá pupa, ẹ má da aláwọ̀ ewé lé e.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ síbi ọ̀rọ̀ tẹ́mósítáàtì, ohun kékeré tó ń ṣí ọ̀nà omi lọ sí rédíétọ̀, tó sì ń tì í. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì gbà pé ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀, wọ́n á sì yọ ọ́ sọnù. Àṣìṣe ńlá gbáà ni. Nínú ẹ́ńjìnnì Toyota púpọ̀, tẹ́mósítáàtì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní nǹkan bíi 82°C. Bó ṣe ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀ ló ń ti ọ̀nà àbùjá tí omi fi ń yí nínú ẹ́ńjìnnì nìkan. Tí wọ́n bá yọ ọ́, ọ̀nà àbùjá náà yóò wà ní ṣíṣí títí, apá kan omi gbígbóná kò sì ní dé rédíétọ̀ rárá. Lórí òkè tàbí nínú gosiló, mọ́tò tí wọ́n ní àwọn ń gbà lọ́wọ́ ooru tún lè gbóná jù ti tẹ́lẹ̀. Ní òwúrọ̀ àti lọ́nà tó dán, òdìkejì ni yóò ṣẹlẹ̀: ẹ́ńjìnnì kò ní móoru tó, kọ̀ǹpútà mọ́tò yóò máa fi epo bẹntiróòlù kún un, epo yẹn yóò fọ ọ́ìlì kúrò lára sìlíńdà, jíà kò sì ní tètè wọ nọ́ńbà tó yẹ. Bí sìkánà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà mọ́tò, bá gbé nọ́ńbà P0128 jáde, ohun tó ń sọ ni pé ẹ́ńjìnnì kò dé ìwọ̀n ooru tó yẹ. Nílẹ̀ wa, ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ wò ni bóyá tẹ́mósítáàtì ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fi tuntun síbẹ̀, kí ihò kékeré tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde wà lókè.

Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó ti jó máa ń fi ara hàn. Omi ń dín kù láìsí ibi tó ń jò, èéfín funfun ń jáde lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tán, omi inú rédíétọ̀ sì ń yọ ìfófó lẹ́yìn títan mọ́tò nígbà tó tutù. Bí ọ́ìlì orí géèjì bá dà bíi kòkó oníwàrà, ẹ má tan mọ́tò náà mọ́. Àmọ́ ìfófó fẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ ọmọrí ọ́ìlì nìkan lè jẹ́ òógùn ẹ́ńjìnnì lásán, pàápàá fún mọ́tò tí kì í rin ìrìn jíjìn.

Ẹni tó ní RAV4 tàbí Highlander onísìlíńdà mẹ́rin, ẹ́ńjìnnì 2.4 tí wọ́n ń pè ní 2AZ-FE, ní láti mọ èyí. Nínú àwọn tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 sókè, tíréèdì tó di bóòtù orí ẹ́ńjìnnì mú nínú búlọ́ọ̀kù máa ń fà yọ, pàápàá lápá ẹ̀yìn tó kọjú sí inú mọ́tò. Àmì rẹ̀ ni kúláàǹtì tó gbẹ, tó fi àbààwọ́n pupa sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá kàn pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n tún fi bóòtù náà dè é sínú tíréèdì tó ti jẹ, yóò tún jò. Kí wọ́n lu ihò náà, kí wọ́n sì fi tíréèdì onírin síbẹ̀, gbogbo ihò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kì í ṣe èyí tó bàjẹ́ nìkan.

Ọ́ìlì: iye tó yẹ kó wọlé

Kégì ọ́ìlì tí wọ́n ń tà jù jẹ́ lítà 4, nítorí náà lítà 4 ni wọ́n ń dà sínú mọ́tò gbogbo. Ẹ́ńjìnnì 3.5 ti Toyota, 2GR-FE, tó wà nínú Highlander 2008 sókè, RX 350 àti RAV4 onísìlíńdà mẹ́fà, lítà 6.1 ló ń gbà tí wọ́n bá pààrọ̀ fílítà pẹ̀lú. Ẹni tó da kégì kan sí i ti kúrò ní wọkọ́ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ẹ̀dín lítà méjì. Ẹ́ńjìnnì 3.0 àti 3.3 ti Toyota àti Lexus ń gba lítà 4.7. Honda CR-V 2.4 ń gba nǹkan bíi lítà 4.2. Ẹ ra kégì tó tó, kí ẹ sì fi géèjì parí rẹ̀: ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ́ńjìnnì ti móoru, ẹ pa á, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ nu géèjì, ẹ tì í wọlé, ẹ tún fà á yọ.

Ẹ̀rọ 2GR-FE yẹn ní ewu kan tí a fẹ́ kí gbogbo onílé mọ̀. Páìpù ọ́ìlì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, lápá ibi tí bẹ́líìtì wà, èyí tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí VVT-i, ẹ̀rọ tó ń yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà. Nínú àwọn tó kọ́kọ́ jáde, rọ́bà ni àárín rẹ̀. Rọ́bà náà máa ń bẹ́ láìròtẹ́lẹ̀, ọ́ìlì yóò sì dà sílẹ̀ tán lójú ọ̀nà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Toyota fúnra rẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó jẹ́ irin látòkè délẹ̀. Ẹ sọ fún mẹkáníìkì kó tan iná síbẹ̀. Bó bá rí rọ́bà láàárín páìpù, ẹ ra onírin kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Bí iná pupa oníkẹ́tùlù ọ́ìlì bá sì tàn nígbàkigbà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì níbi tí ẹ bá wà. Iná yẹn kì í ṣe ti "ó máa tó dé ilé".

Àwọn ẹ́ńjìnnì 2.4 ti Toyota (2AZ-FE) tó jáde láti nǹkan bíi 2007 máa ń jẹ ọ́ìlì, nítorí ríìngì písítìnì máa ń dí. Ìwọ̀n tí Toyota lò láti fi mọ àpọ̀jù ni nǹkan bíi lítà 1 láàárín kìlómítà 1,900. Ẹ máa wo géèjì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Táímìn bẹ́líìtì, èyí tó ń mú kí fáàfù àti písítìnì máa rìn létòlétò: ẹ́ńjìnnì 3.0 àti 3.3 ti Toyota àti Lexus ń lò ó, Honda Pilot náà ń lò ó. Toyota ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 145,000. Bí ẹ bá ra tòkunbọ̀ tí ẹ kò mọ ìtàn rẹ̀, ẹ kà á sí pé àkókò ti tó, kí wọ́n sì pààrọ̀ wọ́tà pọ́m̀pù pọ̀ mọ́ ọn. Tó bá já lórí ìrìn, písítìnì lè kọ lu fáàfù.

Jíà

Jíà tó ń jáàkì, tó ń yọ̀, tó ń pẹ́ kó tó mú, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ti kú. Ọ́ìlì rẹ̀ ni ẹ óò kọ́kọ́ wò, irú rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀. Kì í ṣe ọ́ìlì pupa kan náà ni gbogbo jíà ń mu. Toyota àtijọ́ ń lo T-IV, ti ìgbà tó tẹ̀ lé e ń lo WS. Honda ń lo Z1, tí DW-1 ti rọ́pò. Jíà CVT ti Nissan, èyí tí kò ní nọ́ńbà kan-kan tó ń wọ̀, ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, NS-2 tàbí NS-3, èyí tó bá wà nínú ìwé mọ́tò. Ọ́ìlì jíà lásán yóò bà á jẹ́.

Bí a ṣe ń wò ó kò bára mu. Toyota tó ní géèjì jíà: ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, jíà ti gbóná, ẹ fà á gba gbogbo nọ́ńbà kọjá, ẹ dá a padà sí P, ẹ wò ó ní apá HOT. Honda: ẹ pa ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn tó ti gbóná, kí ẹ sì wò ó láàárín ìṣẹ́jú kan sí kan ààbọ̀. Ẹni tó bá wo ti Honda bíi ti Toyota yóò da iye tí kò yẹ sí i.

Bí ọ́ìlì náà bá dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, nǹkan bíi lítà 3 ni yóò jáde fún Honda. Ẹ wọn èyí tó jáde, ẹ dá iye kan náà padà. Ẹ wa mọ́tò fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ tún ṣe é, títí di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ wo òòfà orí nọ́ọ̀tì náà: ẹrẹ̀ dúdú kíkúnná kò burú, ègé irin tó ń dán túmọ̀ sí pé nǹkan ti fọ́ nínú.

Èyí tó burú jù ni ọ́ìlì jíà tó di aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bíi mílíìkì. Omi rédíétọ̀ ti wọ inú jíà. Nínú rédíétọ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń mú ọ́ìlì jíà tutù wà, tó bá sì sán, méjèèjì á pàdé. A mọ Nissan Pathfinder 2005 sí 2010 mọ́ àìsàn yìí. Ẹ má tan mọ́tò náà mọ́, ẹ fà á lọ. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí ẹ pààrọ̀ rédíétọ̀ tó bá mọ́tò náà wá kí ó tó sán. Owó rẹ̀ kò sún mọ́ ti jíà.

RAV4 2001 sí 2003 tó ń jáàkì gidigidi, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box. Òun ló máa ń bàjẹ́, tó sì ń pàṣẹ tí kò tọ́ fún jíà. Bí wọ́n bá pààrọ̀ jíà láìfọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, jíà tuntun náà yóò máa jáàkì.

Jíìpù tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà

Ẹ má ra táyà tòkunbọ̀ méjì tó ṣì ga síwájú, kí ẹ fi èyí tó ti jẹ sẹ́yìn. Táyà tó ti jẹ kéré ju tuntun lọ, yóò yí nígbà púpọ̀ ju ìkejì rẹ̀ lọ, jíà àárín tàbí ti ẹ̀yìn yóò sì máa jà láìsinmi. Ẹ fi téèpù wọn àyíká táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí wọ́n sún mọ́ra gan-an.

CR-V tó ń kérora lẹ́yìn nígbà tí ẹ bá ń kọ́nà nínú ọgbà, ọ́ìlì jíà ẹ̀yìn ló ti gbó. Ọ́ìlì Honda tí wọ́n ń pè ní Dual Pump Fluid II ni kí ẹ lò, díẹ̀ lé ní lítà 1. Nọ́ọ̀tì òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, torí bí ẹ bá ti da ọ́ìlì àtijọ́ nù tí ti òkè kò sì ṣeé tú, mọ́tò ti dúró nìyẹn.

Ariwo ta-ta-ta nígbà tí ẹ bá yí ọwọ́ dé òpin jẹ́ orí ṣáàfù ti ìta, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ya ṣùgbọ́n tí kò tíì pariwo, rọ́bà tuntun àti gíríìsì ti tó. Lẹ́yìn tí ẹ bá wọ́dò kọjá lọ́nà oko, ẹ yẹ ọ́ìlì jíà ẹ̀yìn wò; tó bá ti funfun, omi ti wọ̀ ọ́.

Bó bá di dandan kí ẹ ra òmíràn

Fún ẹ́ńjìnnì, ẹ tú ọmọrí ọ́ìlì, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú. Bí ẹrẹ̀ ọ́ìlì dúdú tó ki bá lẹ̀ mọ́bẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì 3.0 ti Toyota àti Lexus láti 1997 sí 2002 la mọ̀ mọ́ ọn jù. Bí tuntun bá wọlé, kí tẹ́mósítáàtì, ọmọrí rédíétọ̀ àti hóòsì tuntun bá a wọlé. Fún jíà, kí wọ́n fọ páìpù tó lọ sí rédíétọ̀ títí ọ́ìlì mímọ́ yóò fi jáde, nítorí ègé irin ti àtijọ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ kìlómítà ọjọ́ náà àti orúkọ ọ́ìlì tí wọ́n dà sí i sínú ìwé kan tí kì í kúrò nínú mọ́tò, kí ẹ má sì dá ti àtijọ́ padà fún oníṣòwò títí mọ́tò yóò fi rin ọ̀sẹ̀ méjì láìsí ẹ̀sùn.