Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa Aṣọ Òjò àti Bàtà Ọdẹ

Bí òjò oṣù kẹrin bá ti bẹ̀rẹ̀ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dẹgbó á bẹ̀rẹ̀ sí í náwó. Wọ́n á ra aṣọ òjò olówó gọbọi, ilẹ̀ á sì tún mọ́ bá wọn nínú igbó, gbogbo ara wọn á tutù rinrin. Ó ń dunni, nítorí ìdajì owó yẹn ti tó bí ẹ bá mọ ohun tẹ́ ẹ ń wò.

1. Wíwo ìta aṣọ láìwo inú rẹ̀. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Jákẹ́ẹ̀tì bọ́síkọ̀nà ni ọ̀pọ̀ ń rà, kò sì burú. Àmọ́ ohun tó ń dá omi dúró kò sí lójú aṣọ. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ẹ̀yìn aṣọ ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Èyí tí wọ́n fi polyurethane, irú ike kan, ṣe máa ń gbó bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ wọ̀ ọ́: ooru àti ọ̀rinrin ibi tí wọ́n dì í pamọ́ sí ló ń jẹ ẹ́. Ẹ yí inú aṣọ náà síta kẹ́ ẹ tó ná an. Tó bá ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, tó ń bó bí èèpo àlùbọ́sà, tàbí tó ń gbọn èérún funfun sílẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀, ohun yòówù tí wọ́n kọ sí i láyà. Ẹ wá fọwọ́ tọ ojú rírán rẹ̀. Ó yẹ kí tẹ́ẹ̀pù tín-ín-rín kan bo gbogbo ojú abẹ́rẹ́ láti inú, pàápàá léjìká àti lábẹ́ abíyá. Ibi tí tẹ́ẹ̀pù bá ti ṣí lomi máa gbà wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ká apá kan aṣọ náà bí ife, ẹ bu omi sí i, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ gbígbẹ kan abẹ́ rẹ̀. Bí ọlọ́jà bá ní ẹ ò gbọ́dọ̀ bu omi sí i, ẹ má rà á.

Bó bá jẹ́ tuntun, ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀. 10,000 mm túmọ̀ sí pé òpó omi tó ga ní mítà 10 lè dúró lé aṣọ náà kó tó jò. Èyí tó jẹ́ 1,500 á gba òjò wẹ́wẹ́ mọ́ra, ṣùgbọ́n ibi tí okùn ìbọn àti okùn àpò bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ èjìká, omi á wọlé.

2. Gbígbàgbọ́ pé aṣọ tí wọ́n ní ó ń mí á mí nínú igbó wa. Awọ bíi Gore-Tex ní ihò wínníwínní tí ẹ̀kán omi ò lè gbà, tí ooru òógùn sì lè gbà jáde. Ohun tó ń ti òógùn náà jáde ni pé inú aṣọ gbóná, ó sì rin ju ìta lọ. Nílùú olótùútù, ìyàtọ̀ yẹn pọ̀. Nínú igbó ọba tó ń jẹ́ Olúwa, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, lóṣù keje, ìta náà ń móoru, ìta náà rin, òógùn ò ríbi gbà. Ẹni tó bá fi jákẹ́ẹ̀tì yẹn gun òkè Ìdànrè fún wákàtí kan, òógùn ara rẹ̀ á rẹ ẹ́ bí ẹni tí òjò pa. Ohun tó wúlò níbí ni aṣọ òjò tó fẹ̀, tó ní síìpù lábẹ́ abíyá, tàbí èyí tó rí bí agbádá tí afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀, kó má ju orúnkún lọ kí ẹ̀gún má baà fà á ya. Inú àpò ni kó máa wà. Bí òjò bá dé, ẹ wọ̀ ọ́. Bó bá dá, ẹ bọ́ ọ.

Ẹ fọwọ́ ra aṣọ náà létí yín kẹ́ ẹ tó sanwó. Tó bá ń pariwo, ẹtu á ti gbọ́ yín kẹ́ ẹ tó rí i.

Jíǹsì: ẹ má wọ̀ ọ́. Òwú tó nípọn ni, ó ń mu omi, kì í tètè gbẹ.

Ìrì náà ń kọ́? Láàárọ̀, koríko tó ga dé ìtan lè rẹ ṣòkòtò ju òjò lọ, bí ojú ọ̀run tiẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ á wá ki ṣòkòtò òjò bọ inú bàtà nítorí ìjàlọ, omi tó ń ṣàn láti ìtan á sì gba ibẹ̀ kún bàtà. Ṣòkòtò inú ni kẹ́ ẹ kì bọ bàtà. Ẹ jẹ́ kí ti òjò bo ọrùn bàtà lóde, kẹ́ ẹ fi okùn dì í lókè ọrùn ẹsẹ̀.

Ní ti bàtà, rọ́bà gígùn dára fún àbàtà tí kò jìn, tí ìrìn ò sì pọ̀. Ẹni tó fẹ́ rìn jìnnà, tó sì ń la odò bí Ọ̀wẹnà kọjá, bàtà sójà tó ní ihò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló yẹ ẹ́: omi á wọ̀ ọ́, omi á sì jáde. Bí odò bá bo ọrùn bàtà rọ́bà, kò síbi tómi máa gbà jáde, lítà omi kan sì jẹ́ kílò kan lẹ́sẹ̀ yín. Bàtà aláwọ tó ní awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dá omi dúró nínú ló burú jù fún irú ìrìn yìí. Ó wọ́n, bómi bá sì gba òkè wọ̀ ọ́, ó lè lo ọjọ́ méjì kó tó gbẹ.

Ẹ tẹ àtẹ́lẹ̀ bàtà wò: èyí tó le gbagidi á yọ̀ lórí òkúta tí òjò pa. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ wò, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ máa wọ̀ wọ igbó. Ẹ di ìbọ̀sẹ̀ méjì tó gbẹ sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀. Bí àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá ti funfun, tó ń bó, ó ti pẹ́ tó yẹ kẹ́ ẹ pààrọ̀ wọn.

Ẹ má fi kẹrosíìnì nu bàtà rọ́bà, ẹ má sì sá a sóòrùn. Bàtà tó rẹ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ iná, nítorí gọ́ọ̀mù àtẹ́lẹ̀ á yọ́. Ẹ ki ìwé ìròyìn bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti mu omi. Kẹ́ ẹ tó tún kisẹ̀ bọ̀ ọ́ láàárọ̀, ẹ dojú rẹ̀ dé, kẹ́ ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa nítorí àkeekèé.