Bí A Ṣe Ń Pe Ọ̀gágun Lẹ́jọ́ ní Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tí Ẹ̀rí Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ìyá kan tó ti fi ọdún púpọ̀ ṣòwò ní ìpínlẹ̀ Borno kí ogun tó lé e padà sí Òṣogbo wọ ọ́fíìsì mi ní Òkè-Fìà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó tú kókó etí ìró rẹ̀, ó sì yọ fóònù kan tí ojú rẹ̀ ti sán jáde. Fídíò tó wà nínú rẹ̀ kò pé ìṣẹ́jú kan: àwọn ọkùnrin tó wọ aṣọ ológun, àwọn ènìyàn tó dojú bolẹ̀, ìró ìbọn. Ó ní, "Lọ́yà, ṣé èyí ò tó fi mú ọ̀gá wọn ni?" Mo dá a lóhùn pé, "Kò tíì tó, ìyá mi." Ohun tí mo ṣàlàyé fún un ni mo kọ síhìn-ín.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọwọ́ ilé-ẹjọ́ náà tó ọ̀ràn yín. Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé fún Ìwà Ọ̀daràn, tí gbogbo ayé ń pè ní ICC, tó wà ní ìlú The Hague ní orílẹ̀-èdè Netherlands, kì í gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2002, nítorí ọjọ́ náà ni òfin Rome tó dá a sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nàìjíríà ti buwọ́ lu òfin náà tán ní ọdún 2001, nítorí náà ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ wa wà lábẹ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ológun ìjọba ló ṣe é tàbí ọlọ̀tẹ̀. Kí a tó lè pè é ní ìwà ọ̀daràn ogun, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ogun ní tòótọ́: ìjà àwọn ọmọ ìta nígbà ìdìbò, bó ti wù kó burú tó, kì í ṣe ìwà ọ̀daràn ogun. Pípa ẹni tó ti fi ohun ìjà sílẹ̀, ìfipábánilòpọ̀, kíkó ẹrù ará ìlú, àti fífi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 ṣe ọmọ ogun wà lára ohun tí òfin náà kà léèwọ̀. Àwa tí a ní igbó Ọ̀ṣun nílé yẹ kí a mọ̀ pé wíwó ilé ìsìn náà wà níbẹ̀. Ní ọdún 2016, Ahmad al-Faqi al-Mahdi gba ẹ̀wọ̀n ọdún 9 nítorí ibojì àwọn ẹni mímọ́ tí wọ́n wó ní Timbuktu, ní orílẹ̀-èdè Mali.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ìjọba ilé bá ń fi tọkàntọkàn ṣèwádìí ọ̀ràn náà, ICC kì í dá sí i. Gbogbo ìwé ẹ̀sùn tí ẹ bá kọ sí ọlọ́pàá tàbí sí ilé-iṣẹ́ ológun, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín; òǹtẹ̀ yẹn ni yóò jẹ́rìí lọ́la pé ẹ ti kan ilẹ̀kùn ilé.

Ibi tí ẹjọ́ ti sábà ń wó ni mo fẹ́ kí a dúró sí. Kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro láti fi hàn pé wọ́n pa ènìyàn. Ohun tó ṣòro ni láti so ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀ ní abúlé mọ́ ẹni tó jókòó sí bárékè tó jìnnà réré. Abala 28 òfin Rome béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ olùpẹ̀jọ́: pé àṣẹ ọ̀gágun náà múlẹ̀ lórí àwọn ọmọ ogun náà lóòótọ́, kì í ṣe lórí ìwé lásán, pé ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe tàbí pé ó yẹ kí ó mọ̀, àti pé kò ṣe ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ láti dá wọn lẹ́kun, láti jẹ wọ́n níyà tàbí láti fà wọ́n lé aláṣẹ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ogun lè fi òwe wa gbèjà ara wọn pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a máa jẹ́ ẹ fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin náà kì í sábà gba àwáwí yẹn. Ẹni tó rán wọn, tàbí tó mọ̀ tí kò pè wọ́n padà, ni à ń wá níhìn-ín.

Ẹ máa rántí ẹjọ́ Jean-Pierre Bemba, tó jẹ́ olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀ kan ní Kóńgò. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ láti Kóńgò wọ Central African Republic ní ọdún 2002, wọ́n pa, wọ́n fipá bá obìnrin lò pọ̀, wọ́n kó ẹrù. Ní ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi gẹ́gẹ́ bí ọ̀gágun, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n ọdún 18. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2018, mẹ́ta nínú àwọn adájọ́ márùn-ún tó gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a sílẹ̀. Wọn kò sọ pé ìwà ibi náà kò ṣẹlẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ìdájọ́ àkọ́kọ́ kò gbé ìṣòro ọ̀gágun tí ọmọ ogun rẹ̀ wà nílẹ̀ òkèèrè yẹ̀ wò tó, kò sì ka àwọn ìgbésẹ̀ tó gbé sí bó ṣe yẹ. Ní tèmi, àwọn adájọ́ méjì yòókù ló jàre, ṣùgbọ́n ìdájọ́ tó wà nílẹ̀ ni ẹni tó ń kó ẹ̀rí jọ gbọ́dọ̀ fi ṣe òṣùwọ̀n.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sílẹ̀, ẹ má parí rẹ̀ síbi tí ìbọn ti dún. Ẹ béèrè ta ni àwọn ọmọ ogun náà ń bẹ́rí fún, orúkọ ìnagijẹ wo ni wọ́n ń pè é, ta ni ń pín owó àti ọta ìbọn, nọ́ńbà wo ló wà lára ọkọ̀ wọn, àti bóyá ọ̀gá náà ti fìyà jẹ ọmọ ogun kan rí nítorí olè jíjà. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí wúwo ju bí ó ti rí lọ, nítorí ẹni tó lè na ọmọ ogun nítorí ewúrẹ́ kan kò lè sọ pé òun kò lágbára lórí wọn nígbà tí wọ́n ń pa ènìyàn. Nínú ẹjọ́ Dominic Ongwen, ọ̀gágun àwọn ọlọ̀tẹ̀ kan ní Uganda, tó gba ẹ̀wọ̀n ọdún 25 ní 2021, ọ̀rọ̀ tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ń bá ara wọn sọ lórí rédíò, tí ìjọba ti ń dẹtí gbọ́ tí wọ́n sì ń kọ sílẹ̀, wà lára ẹ̀rí tó dè é mọ́lẹ̀.

Ní ti fóònù ìyá yẹn, orí WhatsApp ni fídíò náà gbà dé ọwọ́ rẹ̀, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti yà á sì ti sọnù lójú ọ̀nà. Ẹ wá fóònù tí wọ́n fi yà á gan-an. Ẹ má gé e, ẹ má kọ ọ̀rọ̀ sórí rẹ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbi méjì, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ gbà á àti gbogbo ọwọ́ tó ti kọjá sínú ìwé. Ẹ má fún ẹlẹ́rìí lówó, ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu: nínú ẹjọ́ Thomas Lubanga, olórí àwọn ológun ọlọ̀tẹ̀ kan ní Kóńgò, ní 2012, àwọn adájọ́ kò lè gbára lé ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìí tó ní àwọn jẹ́ ọmọ ogun ní kékeré, nítorí ó ṣeé ṣe kí àwọn alárinà ti kọ́ wọn ní irọ́. Ọmọdé àti ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ fún àwọn tó kọ́ iṣẹ́ náà.

Fífi ẹ̀rí ránṣẹ́ kò le. Abala 15 jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ̀wé sí ọ́fíìsì olùpẹ̀jọ́, kò sì pọn dandan kí ẹ gba lọ́yà. Bí olùpẹ̀jọ́ bá fẹ́ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, ó gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ adájọ́ mẹ́ta. Sùúrù ni yóò ná yín: ọdún 2010 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ọ̀ràn Nàìjíríà, oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni Fatou Bensouda, olùpẹ̀jọ́ ICC nígbà náà, tó sọ pé ìdí wà láti ṣèwádìí Boko Haram àti àwọn agbófinró wa. ICC kò sì ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Omar al-Bashir, ààrẹ Sudan nígbà náà, tí wọ́n ti kọ ìwé àṣẹ láti mú láti 2009, wá sí Àbújá ní 2013, ó sì padà lọ láìsí ẹni tó mú un.

Ìyá náà padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Kò mú fídíò mìíràn wá. Ìwé ìṣírò ọjà rẹ̀ àtijọ́ ló mú wá, lẹ́yìn ojú ewé gbèsè àwọn oníbàárà, ó ti kọ nọ́ńbà ọkọ̀ méjì, orúkọ ìnagijẹ kan, àti ọjọ́ tí ẹni náà wá dúró ní àárín ọjà tó sì ní kí àwọn ọmọ òun dá àpò ìrẹsì kan padà fún ẹni tó ni ín. Wọ́n sì dá a padà.